Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ lọ rí agbaninímọ̀ràn

Àgbẹ̀ kan wà ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà ìbímọ. Ọmọ náà yè, ó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin. Láti ìgbà náà, bàbá yìí kò rí oorun sùn mọ́. Bí ó bá dé oko, á jókòó sábẹ́ igi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Koríko bo àgbàdo rẹ̀. Oṣù mẹ́ta kọjá, kò tíì gbé ọmọ náà rí.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn nítorí orí fífọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà. Nọ́ọ̀sì ní kí ó padà wá ní Ọjọ́bọ̀, kí ó wá rí agbaninímọ̀ràn. Bàbá bínú. Ó ní: «Ṣé wèrè ni mo ya ni?»

Nọ́ọ̀sì dáhùn pé: «Rárá o, Bàbá. Ẹrù tí ẹ rù ló wúwo. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín sọ̀ ọ́.»

Ta ni agbaninímọ̀ràn? Ẹni tí ó kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Kì í fúnni lábẹ́rẹ́, kì í dífá. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn àgbà wa ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbà ilé mọ gbogbo ẹbí, ó sì lè gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Agbaninímọ̀ràn kò sí nínú ìjà ilé yín. Ní ìlú Harare, ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, láti ọdún 2006, dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà ní iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń jókòó ti àwọn tí ọkàn wọn bàjẹ́ lórí bẹ́ǹṣì onígi nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí lára ènìyàn 573, èsì rẹ̀ jáde ní 2016: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí ó bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ yá ju ti àwọn yòókù lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìbéèrè ni yóò pọ̀. Yóò bi yín ní ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, bí ẹ ṣe ń sùn, bí ẹ ṣe ń jẹun, bóyá ẹ ń mu sódàbì láti gbàgbé. Ó lè bi yín bóyá ẹ ti rò ó rí láti pa ara yín. Ẹ má ṣe bínú, ẹ sọ òótọ́. Ìbéèrè yìí kì í gbin irú èrò bẹ́ẹ̀ síni lọ́kàn.

Ohun tí ẹ bá sọ kò gbọdọ̀ dé ọjà. Àṣírí ni. Àmọ́ bí ẹ̀mí yín tàbí ẹ̀mí ẹlòmíràn bá wà nínú ewu, tàbí tí wọ́n ń fìyà jẹ ọmọdé, ó lè pe ẹlòmíràn sí i. Ó yẹ kí ó sọ èyí fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ bi í. Ẹ bi í ní iye owó pẹ̀lú. Kò gbọdọ̀ yá owó lọ́wọ́ yín, kò sì gbọdọ̀ bá yín ṣeré ìfẹ́. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dìde, kí ẹ sọ fún ọ̀gá ilé ìwòsàn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bàbá yẹn kò sọ ju pé orí ń fọ́ òun lọ. Agbaninímọ̀ràn kò fi ipá mú un. Ní ọjọ́ kejì ó sunkún, ojú sì tì í. Lóru ọjọ́ náà, kò sùn rárá. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀: nígbà tí a bá ṣí egbò láti fọ̀ ọ́, ó máa ń ta ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í padà lọ mọ́ níbẹ̀ yẹn, àṣìṣe sì ni. Ìwé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2016 ní kí a pàdé lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ó fún un ní iṣẹ́ méjì: kí ó ro poro méjì láàárọ̀, kí ó sì lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ro poro kan. Kò lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n. Agbaninímọ̀ràn kò bá a wí. Ó bi í pé: «Kí ni ẹ rí nínú ọmọ náà tí ẹ fi ń sá fún un?» Bàbá pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní: «Ojú ìyá rẹ̀ ni.»

Bí ẹnì kan bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí kò jẹun fún ọjọ́ púpọ̀, ọ̀rọ̀ nìkan kò tó. Kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n lè fi í ránṣẹ́ sí Jacquot ní Kútọnu. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn dókítà kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ó ti rí agbaninímọ̀ràn.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bàbá ń sùn títí àkùkọ fi ń kọ. Ọjọ́ ọjà ṣì ń nira fún un, nítorí pé gàrí ni ìyàwó rẹ̀ ń tà. Ní Ọjọ́bọ̀ náà, ó gbé ọmọ rẹ̀ dání wá sí ilé ìwòsàn.

Ẹ jíròrò: Kí ló dé tí bàbá fi bínú sí nọ́ọ̀sì? Ní abúlé yín, ta ni ènìyàn lè sọ àṣírí fún?