Ajá Tó Ń Tiro Lẹ́sẹ̀ Ẹ̀yìn: Ẹ Má Tètè Dá A Padà Sẹ́nu Ìṣọ́

Ẹ̀yin olóko adìẹ àti ẹ̀yin tó ń sin ẹja ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, ajá tó ń ṣọ́ ọgbà yín lóru ni ìmọ̀ràn yìí wà fún. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tó ń tiro, tí kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan tẹlẹ̀, a máa ń sọ pé ó já sí gọ́tà ni, tàbí pé ẹnìkan sọ ọ́ lókò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ajá ńlá, orúnkún ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Iṣan kan wà nínú orúnkún tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun. Òun ni kì í jẹ́ kí ojúgun yọ̀ síwájú. Ti agbábọ́ọ̀lù máa ń já lójijì lórí pápá. Ti ajá kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbó, bí okùn kànga tó ń já ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, títí dọjọ́ tí ajá á kàn fo gọ́tà kékeré kan, tí èyí tó kù á sì já.

Sísanra ló ń mú un yá, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin olóko adìẹ wí díẹ̀. Òkú adìẹ tí ẹ ń jù fún ajá, pẹ̀lú ẹyin fífọ́ àti ẹ̀bà àjẹkù, ló ń sọ ọ́ di ọlọ́ràá, ó sì tún lè kó àrùn káàkiri ọgbà. Ẹ fọwọ́ pa á ní ìhà. Bí ọwọ́ yín kò bá tètè kan eegun, oúnjẹ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ẹ wo bó ṣe ń jókòó: á na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní ká a sábẹ́ ara. Bó bá dúró, orí ìka nìkan ló máa fi kan ilẹ̀. Bó bá pẹ́, itan ẹ̀gbẹ́ náà á gbẹ. Dókítà ẹranko ló máa ti ojúgun síwá sẹ́yìn láti mọ̀ bóyá iṣan ti já. Ẹ má dán an wò fúnra yín, ajá tó ń jẹ̀rora lè gé olówó rẹ̀ jẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀, ibuprofen tàbí diclofenac láti kẹ́míìsì. Wọ́n lè dá egbò síkùn rẹ̀, kí wọ́n ba kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, kó sì kú. Ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Eegun kọ́ ló yẹ̀. Bí wọ́n bá ń fa ẹsẹ̀ náà, wọ́n á tún dá kún un ni.

Ajá tí kò tó kílò 15, bíi ọ̀pọ̀ ajá ìbílẹ̀ wa, lè gbádùn bó bá sinmi fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Rottweiler àti Boerboel sábà máa ń nílò iṣẹ́ abẹ. Wọ́n lè fi okùn ọ̀rá líle de orúnkún láti ìta, tàbí kí wọ́n gé orí eegun ojúgun, kí wọ́n yí i díẹ̀, kí wọ́n sì fi irin mú un, ọ̀nà tí Barclay Slocum ará Amẹ́ríkà kọ̀wé lé lórí ní 1993. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB, Abẹ́òkúta. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti iye rẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ajá á fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, a ó ní ara rẹ̀ ti yá, a ó sì tú u sílẹ̀ lóru. Ìrora ló lọ, orúnkún kò tíì le. Ẹ fi í sí yàrá kékeré, kí ẹ tẹ́ àpò sílẹ̀ fún un, torí táìsì ń yọ̀. Okùn kúkúrú ni kí ẹ fi mú un jáde lọ tọ̀, ìṣẹ́jú 5 péré. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, bí dókítà bá gbà, ẹ máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún ìrìn rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó ṣe iṣẹ́ abẹ eegun kò gbọdọ̀ sáré títí àwòrán eegun á fi hàn pé ojú ibi tí wọ́n gé ti jinná, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12.

Nínú ajá 10 tí iṣan orúnkún kan já, bíi 4 sí 6 ni ti ìkejì máa ń já bó bá yá. Nítorí náà, ẹ wá ẹlòmíràn tó máa ṣọ́ ọgbà fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì dín oúnjẹ rẹ̀ kù láti òní.