Omi Ni Tàbí Iná? Bí Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Bá Kọ̀ Tí Kò Yí

Ẹ ti kó aṣọ sínú ẹ̀rọ, ẹ ti da ọṣẹ sí i, iná tàn lójú rẹ̀, síbẹ̀ kò yí. Ẹ má tíì pe oníṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, iná àti omi ló sábà máa ń dá ẹ̀rọ dúró, kì í ṣe pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Ẹ wo iná ná. Fóltéèjì 220 sí 240 ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí fún. Bí iná bá rẹlẹ̀, gílóòbù yóò ṣì tàn, ṣùgbọ́n mọ́tọ̀ kò ní lágbára láti yí. Ẹ wo nọ́ńbà ojú sítébíláísà yín. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ tàn, omi tútù ni kí ẹ fi fọ aṣọ, torí ẹ̀rọ tó ń se omi fúnra rẹ̀ lè fa iná tó wáàtì 2,000, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò sì lè gbé e.

Ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ìfọṣọ dáadáa. Etí aṣọ kan ṣoṣo tó há síbẹ̀ tó láti dá iṣẹ́ dúró. Ẹ wò ó bóyá ọmọdé ti tẹ bọ́tìnnì tó ń ti ojú ẹ̀rọ pa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún, yóò ṣí.

Ọ̀rọ̀ omi ló pọ̀ jù. Ẹ̀rọ aládàáṣe kì í bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ àfi bí omi bá dé ìwọ̀n tó fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ kí omi fi agbára tó báà 0.5, ó kéré tán, wọlé. Kí tánkì tó lè fún un ní agbára yẹn, ó ní láti fi bíi mítà 5 ga ju ẹ̀rọ lọ. Tánkì orí irin kúkúrú kò lè ṣe é. Ẹ tú róbà omi kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ ki ẹnu rẹ̀ sínú korobá, kí ẹ ṣí ẹ̀rọ omi. Bó bá ń ṣàn tín-ín-rín, tánkì lẹ ó bá wí. Páńpù kékeré ló máa ń wo èyí sàn. Bí omi bá ń tú jáde dáadáa, ẹ yọ wáyà kúrò lára iná, kí ẹ wo asẹ́ kékeré tó wà níbi tí róbà ti wọnú ẹ̀rọ. Yanrìn bóhóòlù máa ń dí i. Ẹ fi píláyà fà á yọ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ń kánjú lórí aṣọ náà, tí ẹ̀rọ yín sì ń ṣí láti òkè, ẹ lè bu omi sí i títí yóò fi tó. Ẹ̀rọ náà yóò mọ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Bí omi bá ń wọlé tí kò kún, ẹ wo róbà ìdaminù. Bó bá sùn sílẹ̀, omi ń wọlé, omi ń jáde. Ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sókè tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100. Bí omi kò bá jáde rárá, ẹ ṣí asẹ́ ìsàlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, kí ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀: owó ẹyọ àti píìnì ìdirun ló sábà máa ń há síbẹ̀.

Bí lẹ́tà bá hàn lójú ẹ̀rọ LG, IE túmọ̀ sí omi tí kò wọlé, OE omi tí kò jáde, dE ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá gbóòórùn wáyà tó ń jó, tàbí tí iná ilé ń já, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pe oníṣẹ́, kí ẹ sì sọ lẹ́tà tó hàn fún un kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó lè gbé ohun tó yẹ dání.