Man Mohan Adhikari: Kọ́múnísì Tó Fi Ìbò Dé Orí Àlééfà

Bí ọ̀rọ̀ Kọ́múnísì bá délẹ̀ ní kíláàsì, Lenin àti Mao la sábà máa ń dárúkọ. Èyí mú kí ọ̀pọ̀ wa gbà pé ìbọn nìkan ni irú wọn fi ń gba ìjọba. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a yẹ ìgbésí ayé Man Mohan Adhikari ti orílẹ̀-èdè Nepal wò.

Ọdún 1920 ni wọ́n bí i. Ìlú Banaras ní Íńdíà ló ti kàwé, ibẹ̀ ló sì ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ní kí Gẹ̀ẹ́sì kó kúrò nílẹ̀ àwọn ní 1942. Ẹ̀wọ̀n ló fi jẹ. Ní 1947, ó wà lára àwọn tó ṣíwájú ìyanṣẹ́lódì ní ilé-iṣẹ́ jute ní Biratnagar. Lẹ́yìn náà, ó di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ Kọ́múnísì Nepal, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949.

Ní December 1960, Ọba Mahendra tú ìjọba tí aráàlú dìbò yàn ká, ó sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú. Adhikari tún lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́wọ̀n. Ó di 1990, tí aráàlú fọ́n sígboro, kí òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Nínú ìbò November 1994, ẹgbẹ́ rẹ̀, UML, gba ìjókòó 88 nínú 205. Nepali Congress gba 83. Kò sí ẹni tó ní ìdajì. Bí Adhikari ṣe di olórí ìjọba lábẹ́ ọba nìyẹn, láìní ọmọ ilé tó pọ̀ tó lẹ́yìn rẹ̀.

Ní June 1995, nígbà tí alátakò fẹ́ dìbò yọ ọ́, ó ní kí ọba tú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ká. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fagi lé e ní August. Ní September, wọ́n dìbò yọ ọ́, ó sì gbéjọba sílẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́wàá lórí oyè. Ó kú ní April 1999.

Kí ló wá kù? Ìjọba rẹ̀ ya rupee 300,000 sọ́tọ̀ fún ìgbìmọ̀ abúlé kọ̀ọ̀kan. Ó tún ní kí àgbàlagbà tó ti pé ẹni ọdún 75 máa gba rupee 100 lóṣooṣù. Àwọn kan lè sọ pé ìbò ló fi ń wá. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àwọn ìjọba tó tẹ̀ lé e kò lè pa owó arúgbó náà rẹ́. Wọ́n fi kún un ni, nígbà tó sì di 2008, wọ́n dín ọjọ́ orí náà kù sí 70.

Èrò tèmi ni pé gígùn àkókò kọ́ ni ká máa fi wọn ìjọba. Ẹ jẹ́ ká máa bèèrè ohun tó ṣe tí ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò lè tú ká. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nínú àwọn ìjọba tí a ti kà nípa wọn, èwo ló lè dáhùn ìbéèrè yìí?