Ìwé Àwọn Òǹkọ̀wé Orílẹ̀-Èdè Mìíràn nínú Ẹ̀kọ́ Lítíréṣọ̀ Yorùbá: Àgbéyẹ̀wò láti Ojú Òkàkà ní Òkè-Ògùn

Ìfáárà

Òkàkà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn níbi tí iṣu, ẹ̀gẹ́ àti igi èmì ti gbilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni tí a bá rán lọ sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò kì í gbé ju ìwé mẹ́rin lọ dání: ìwé gírámà kan, ìtàn àròsọ kan tí ìgbìmọ̀ ìdánwò yàn, àkójọ ewì kan, àti bóyá eré onítàn kan. Ọmọ Yorùbá ni ó kọ gbogbo wọn. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn, nítorí ẹni tí kò mọ ilé kò lè mọ oko. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yìí pé kí ni àwọn ará Gínì, Sẹ̀nẹ̀gàl, Gánà tàbí Gíríìsì ń kọ sínú ìwé tiwọn, ìdáhùn tí ó sábà máa ń gbà ni pé kí ó lọ bi olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdáhùn yẹn léwu ju bí ó ti farahàn lọ. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá 2025, a fagi lé ìlànà náà. Ìgbàkígbà tí irú àríyànjiyàn báyìí bá wáyé, ẹ̀sùn tí a máa ń fi kan èdè abínibí ni pé kò lè mú ọmọ dé ibi tí ayé dé. Olùkọ́ Yorùbá tí ó bá gbà pé ìwé àgbáyé kì í ṣe tirẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí sí ẹ̀sùn náà. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí dì mú ni pé ìwé ilẹ̀ òkèèrè jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ka Yorùbá, àti pé àwọn ìwé mìíràn wà tí wọ́n dùn ún kà ní Yorùbá ju bí wọ́n ti dùn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ìwé àjèjì nínú ìtàn lítíréṣọ̀ Yorùbá

Àwọn tí ó ń bẹ̀rù pé ìwé àjèjì yóò ba lítíréṣọ̀ Yorùbá jẹ́ máa ń gbàgbé ibi tí lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ Yorùbá ti ṣẹ̀. Ìtumọ̀ ni ó kọ́kọ́ dé. Ìwé sí àwọn ará Róòmù tí Samuel Ajayi Crowther túmọ̀ jáde ní 1850, odindi Bíbélì sì parí ní 1884. Yàtọ̀ sí Bíbélì, a tún rí ìwé John Bunyan tí ó kọ́kọ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1678, èyí tí David Hinderer túmọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Ará ilẹ̀ Jámánì ni Hinderer; ìlú Ìbàdàn ni ó ti ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì; ìwé tí ará Gẹ̀ẹ́sì kọ ni ó sì sọ di Yorùbá. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta pàdé nínú ìwé kan ṣoṣo, ọ̀rúndún kan sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ àfiwéra sílẹ̀ ní yunifásítì wa.

Nígbà tí D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní 1938, àlọ́ àti ìtàn ọdẹ ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé nínú ìwé rẹ̀ lórí Fágúnwà (1974) kò fi pamọ́ pé òjìji Bunyan wà lára iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ń rìnrìn àjò líle lọ sí ilẹ̀ àìmọ̀, tí ń bá iwin àti èèmọ̀ pàdé lọ́nà, tí ń gba ìmọ̀ràn lẹ́nu àgbà: ibi méjì ni èyí ti wá. Kò sọ Fágúnwà di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Wole Soyinka túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó sì di ìwé àjèjì fún àwọn ẹlòmíràn; ìyẹn ni pé ohun tí a yá, a ti dá a padà pẹ̀lú èlé.

Tẹlẹ́dàálàṣẹ àti ọ̀rọ̀ àyànmọ́

Iṣẹ́ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹ̀ka Yorùbá mọ̀ ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ. Ní 1965 àti 1966, Ọlánipẹ̀kun Ẹ̀san ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí ó mọ Gíríìkì àti Látìn fúnra rẹ̀ tí kò ní láti gba ẹnu Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ wọn, gbé eré onítàn mẹ́ta jáde ní Yorùbá. Tẹlẹ́dàálàṣẹ wá láti inú eré Sophocles lórí ọba Oedipus. Ọ̀rẹkẹ́lẹ́wà wá láti inú eré apanilẹ́rìn-ín ti Plautus. Ẹṣin Atìròjà wá láti inú ìtàn ẹṣin onígi tí Virgil kọ. Ọmọ Òkè-Ògùn, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ gbé lórí ilẹ̀ ọ̀dàn tí ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti jagun, kò nílò àlàyé gígùn lórí ìdí tí ìlú kan yóò fi fi ayọ̀ wọ́ ẹṣin wọlé.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn Ẹ̀san, Ola Rotimi gbé ìtàn Oedipus kan náà sórí ìtàgé ní Ifẹ̀ ní 1968 gẹ́gẹ́ bí The Gods Are Not to Blame. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìlú Yorùbá ni ó gbé e kalẹ̀ sí. Nínú eré Sophocles, oríta mẹ́ta ni ọmọ ti pa baba rẹ̀ tí kò mọ̀. Rotimi fi oko iṣu kún oríta náà, ó sì sọ ìjà lórí iṣu àti ilẹ̀ di ohun tí ó fa ikú. Ní Òkàkà, kò sí ọmọ tí kò tíì gbọ́ nípa ìjà ilẹ̀ oko.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wà ni ọ̀rọ̀ àyànmọ́. Oedipus kò yan ohunkóhun. Kí a tó bí i ni òrìṣà Apollo ti sọ ọ́ láti Delphi, gbogbo ìgbìyànjú láti sá fún un ni ó sì ń mú un súnmọ́ ọn. Ní ti Yorùbá, a mọ àkúnlẹ̀yàn, a mọ àkúnlẹ̀gbà, a mọ àyànmọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì jọ ara wọn; ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó lọ yan orí nílé Àjàlá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, babaláwo kì í sọ ibi kí ó má sọ ẹbọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé níbo ni ẹbọ wà nínú ìtàn Oedipus, yóò rí i pé ohun tí ó mú ìtàn náà banújẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ẹbọ kankan tí a là kalẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í tètè sọ sí olùka Gẹ̀ẹ́sì lọ́kàn. Lẹ́nu ọmọ Yorùbá, ó yẹ kí ó jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́.

Ohun tí Yorùbá ń fi kún ìwé

Ní 1979, Mariama Bâ, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, kọ ìwé kan ní èdè Faransé tí ó gba ẹ̀bùn Noma ní 1980. Modupé Bodé-Thomas ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà ni gbogbo ìwé náà: Ramatoulaye, tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, jókòó sínú opó ní ìlànà Mùsùlùmí, ó ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Aïssatou. Kí ọkọ tó kú, ó ti fẹ́ Binetou, ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin wọn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ dé, ó ní òun yóò gba obìnrin náà sílé. Obìnrin náà kọ̀.

Kí olùkọ́ gbé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí síwájú kíláàsì, kí ó sì ní kí wọ́n sọ ojú ìwé kan di Yorùbá. Ohun ìyanu yóò ṣẹlẹ̀. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo gbólóhùn gígùn láti ṣàlàyé ohun tí àna náà ń fẹ́, Yorùbá yóò sọ pé ó fẹ́ ṣú u lópó, ọ̀rọ̀ sì parí. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ní adùn tàbí ìkorò fún obìnrin tí ó bá obìnrin mìíràn pín ọkọ, Yorùbá ní orogún, ó ní ìyálé, ó ní ìyàwó, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀tọ́ àti ọgbẹ́ tirẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti mọ òfin oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá fún opó, a kò ní láti fi àlàyé sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó máa ń rọrùn bẹ́ẹ̀. Camara Laye ti Gínì, nínú ìwé tí ó kọ nípa èwe rẹ̀ ní 1953, sọ bí baba rẹ̀, alágbẹ̀dẹ wúrà ní Kouroussa, ṣe ń ṣiṣẹ́. Obìnrin tí ó mú wúrà wá a máa bẹ olórin kan lọ́wẹ̀ kí ó bá òun ki baba náà, kí orí rẹ̀ lè wú, kí iṣẹ́ sì yá. Griot ni Faransé ń pe olórin yìí. Kí ni Yorùbá yóò pè é? Arọ́kin ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ mú, nítorí àwọn náà a máa jogún iṣẹ́ lọ́wọ́ baba wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn ọba ni iṣẹ́ arọ́kin, ààfin Ọ̀yọ́ sì ni ibùjókòó rẹ̀. Onírárà súnmọ́ ọn ní ti pé ó ń ki ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lọ́wọ́. Onílù dùndún súnmọ́ ọn ní ti ìdílé, nítorí ọmọ Àyàn ni a ń bí, a kì í yàn án. Bí ó bá pọn dandan láti mú ọ̀kan, onírárà ni ó yẹ nínú orí ìwé yìí, nítorí ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń fi oríkì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé mìíràn tí griot ti ń ka ìran ọba, arọ́kin ni yóò borí. Àríyànjiyàn yìí nìkan tó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan nínú ẹ̀kọ́ aáyan ògbufọ̀.

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ti bá irú ìṣòro yìí pàdé. Nínú Orin Dáfídì 51, níbi tí ìwé àtilẹ̀wá ti dárúkọ òjò dídì, ẹ̀gbọ̀n òwú ni ìtumọ̀ àtijọ́ fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé àṣìṣe ni. Ẹni tí ó bá ti rí òwú tí ó là ní oko, kí a tó ran án fún àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn, yóò mọ̀ pé olùtumọ̀ náà mọ ohun tí ó ń ṣe.

Gánà nínú ìrántí Òkè-Ògùn

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó gbé ní àríwá Gánà fún ọdún gbọọrọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí ó padà wálé ní ìgbà náà ti di arúgbó báyìí, ọ̀pọ̀ sì ti lọ. Ọdún kan ṣáájú àṣẹ náà ni ìwé Ayi Kwei Armah, The Beautyful Ones Are Not Yet Born, jáde. Òṣìṣẹ́ rélùwéè kan tí kò gba rìbá ni ó wà nínú rẹ̀, láàárín àwọn tí ń gbà á, ní àkókò tí ìjọba Nkrumah ń lọ sópin ní 1966. Gánà tí àwọn arúgbó yẹn mọ̀ ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka ìwé yìí nínú kíláàsì, tí ó sì túmọ̀ orí kan fún bàbá àgbà tí ó ti ta ọjà ní Tamale tàbí Kumasi, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀. Kí ó má gbàgbé láti béèrè nípa 1983 pẹ̀lú, nígbà tí Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà, nítorí ọ̀rọ̀ náà ní apá méjì.

Aládùúgbò tí ó jìnnà

Láti Ṣakí sí ẹnubodè Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin kò jìnnà, Yorùbá ni a sì ń sọ ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, ìwé Benin ṣòro láti rí ní Òkè-Ògùn ju ìwé Lọ́ńdọ̀nù lọ. Olympe Bhêly-Quenum, ọmọ Ouidah, gbé Un piège sans fin jáde ní 1960. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogún ọdún ó lé kí ó tó di Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Faransé ni ògiri tí ó wà láàárín.

Kí a má sì rò pé gbogbo ìwé ayé ni ó ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2012, Ann Morgan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pinnu láti ka ìwé kọ̀ọ̀kan láti gbogbo orílẹ̀-èdè láàárín ọdún kan. Nígbà tí ó kan São Tomé àti Príncipe, kò rí ìtumọ̀ kankan. Àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ni ó pín ìwé kan mọ́wọ́ tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá lè tọrọ báyìí, kò yẹ kí ojú ti Yorùbá láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú ìwé mẹ́wàá.

Nínú kíláàsì

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kò nílò ilé-ìkàwé ńlá. Ẹ̀dà kan ìwé Laye tàbí ti Bâ tó fún ìpele kan, bí a bá pín orí rẹ̀ fún ẹgbẹ́ mẹ́rin. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ ìpínrọ̀ méjì, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí ó dí wọn lọ́wọ́ sí ojú pátákó, kí kíláàsì sì jiyàn lé e lórí. Kí olùkọ́ rán wọn létí pé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìgbésẹ̀ kan jìnnà sí Faransé, nítorí náà tiwọn ti di ìgbésẹ̀ kejì. Bí ẹni tí ó gbọ́ Faransé bá wà nítòsí, kí wọ́n bi í. Kí a kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a fẹnu kò sí sínú ìwé àjákọ ẹ̀ka, pẹ̀lú ìdí tí a fi yàn wọ́n. Kíláàsì tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní láti tún bẹ̀rẹ̀ láti orí arọ́kin àti onírárà. Wọn yóò bá a níbẹ̀, wọn yóò sì lè tako ó bí ó bá wù wọ́n.