Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Ipa Àwọn Pùròtéènì Ìsopọ̀ Sẹ́ẹ̀lì nínú Àrùn Ìdádúró Òróòro, àti Ọ̀nà Láti Fi Èdè Yorùbá Kọ́ Ọ

Ìfáàrà

Ìfọ̀nyìntẹ̀dó jẹ́ ìlú kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìpókíá, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin. Èdè Yorùbá so àwọn ará ìlú náà pọ̀ mọ́ àwọn ìbátan wọn ní òdìkejì ààlà, níbi tí èdè Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba. Bí ojú aláìsàn bá pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, tí ìtọ̀ rẹ̀ náà sì pọ́n, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni Yorùbá ń pè é. Jaunisse ni Faransé ń pè é, láti ara ọ̀rọ̀ wọn fún àwọ̀ ìyeyè náà. Orúkọ méjèèjì bára mu: ohun tí ojú rí ni wọ́n sọ, wọn kò sọ ohun tí ó fà á.

Àìsàn tí orúkọ yìí kó mọ́ra pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Àrùn mẹ́dọ̀wú lè mú ojú pọ́n. Fòníkú-fọ̀ladìde náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí ó jẹ́ pé òróòro ni kò rí ọ̀nà lọ. Ìdádúró òróòro ni iṣẹ́ yìí pè é. Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àmì méjì ni orúkọ Yorùbá náà dárúkọ, àmì kẹta sì wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi kún un, nítorí pé ẹ̀mí ọmọdé wà níbẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ àti Òróòro

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe òróòro. Lójúmọ́, ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà a máa ṣe tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òróòro ń ṣàn lọ sínú ìfun, níbi tí ó ti ń ran ara lọ́wọ́ láti lo ọ̀rá inú oúnjẹ àti fítámì A, D, E àti K. Ó tún ń kó bilirúbìn kúrò nínú ara. Bilirúbìn ni ìdọ̀tí aláwọ̀ ìyeyè tí ó ń jáde láti ara sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbó. Bí ó bá dé inú ìfun, tí ó sì yí padà níbẹ̀, òun ni ó ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀ rẹ̀.

Láàrin sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ méjì tí ó fara kanra, ọ̀nà tín-ín-rín kan wà, bí poro ṣe wà láàrin ebè méjì nínú oko. Inú poro yìí ni sẹ́ẹ̀lì ń tú òróòro sí. Ní ẹ̀gbẹ́ mìíràn ara sẹ́ẹ̀lì kan náà ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Òróòro àti ẹ̀jẹ̀ súnmọ́ ara wọn púpọ̀, síbẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ pò pọ̀. Ìsopọ̀ àárín sẹ́ẹ̀lì ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn Pùròtéènì Ìsopọ̀

Oríṣi ìsopọ̀ mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì níhìn-ín. Èkíní ni a lè pè ní ìsopọ̀ pinpin, tí ó ń dí àlàfo etí poro. Àwọn pùròtéènì tí ó wà níbẹ̀ ni claudin, occludin, ZO-1 àti ZO-2. Èkejì ni ìsopọ̀ adìmú, tí pùròtéènì cadherin fi ń di sẹ́ẹ̀lì kan mú mọ́ èkejì. Ẹ̀kẹta ni ìsopọ̀ ajíṣẹ́, tí connexin fi ń la ojú ọ̀nà láti inú sẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn, kí wọ́n lè jùmọ̀ ṣiṣẹ́.

Ní 1998 ni Mikio Furuse, Shoichiro Tsukita àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Japan kéde claudin. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí 'láti tì' ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Bí olùkọ́ bá pe pùròtéènì yìí ní 'adíhò', kò jìnnà sí èrò àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìsopọ̀ pinpin bá bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Ní 2004, àwọn onímọ̀ kéde pé àìpé claudin-1 ni ó fa àìsàn awọ ara àti iṣan òróòro nínú àwọn ọmọ kan láti ìdílé Morocco. Ní 2014, ẹgbẹ́ oníwádìí kan tí King's College London ṣíwájú rẹ̀ fi hàn pé àbùkù nínú àbùdá ZO-2 ń fa ìdádúró òróòro líle nínú àwọn ọmọdé. Claudin-1 wà nínú ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò dé ààyè rẹ̀ ní etí poro. Búlọ́ọ̀kù wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò tò ó ni kò sí.

Kì í ṣe àjogúnbá nìkan ni ó ń la ògiri yìí. Bí òkúta tàbí àìsàn mìíràn bá dí iṣan òróòro, ìsopọ̀ pinpin a máa dẹ̀, òróòro a sì jò padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2007, wọ́n tún rí i pé kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú C ń lo claudin-1 láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀.

Àmì Kẹta

Bí òróòro bá jò sínú ẹ̀jẹ̀, ojú á pọ́n, ara á máa yún aláìsàn, ìtọ̀ á sì dúdú bí omi tíì. Bí òróòro kò bá dé inú ìfun, ìgbẹ́ á ṣì, á funfun bí ẹfun. Èyí ni àmì kẹta. Fítámì K náà á dínkù, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní tètè dá bí ara bá fara gbọgbẹ́.

Ojú ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun a máa pọ́n díẹ̀, a sì lọ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ òbí ní Nàìjíríà máa ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí oòrùn àárọ̀, tàbí kí wọ́n fún un ní omi glúkóòsì. Oòrùn àti glúkóòsì kò lè la ọ̀nà òróòro tí ó ti dí. Àwọn ọmọ kan wà tí iṣan òróòro wọn ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé wọn. Morio Kasai, oníṣẹ́ abẹ ará Japan, ni ó gbé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe fún wọn kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ó máa ń yọrí sí rere jù bí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé 60 ọjọ́. Láìsí ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í kọjá ọdún méjì. Láti Ìfọ̀nyìntẹ̀dó dé ilé ìwòsàn ní Ìlaròó, kí wọ́n tó darí ọmọ lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, ọjọ́ ń lọ.

Kíkọ́ Ọ ní Kíláàsì

Olùkọ́ lè kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọgbà ilé-ìwé, kí wọ́n kọ ebè méjì, kí wọ́n sì da omi sí poro. Bí ebè bá le, omi á bá poro lọ. Bí wọ́n bá gbẹ́ ihò sára ebè, omi á yà síbi tí kò yẹ. Lẹ́yìn èyí ni kí olùkọ́ tó dárúkọ sẹ́ẹ̀lì, òróòro àti claudin. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tún béèrè nílé bí àwọn àgbà ṣe ń pe àìsàn yìí ní ẹ̀ka-èdè Ìfọ̀nyìn àti ní èdè Ègùn, kí wọ́n sì wo àmì tí orúkọ kọ̀ọ̀kan dárúkọ.

Àgbálọgbábọ̀

Orúkọ tí àwọn baba ńlá fún àìsàn yìí kò burú. Ojú tí ó ríran dáadáa ni ó sọ ọ́. Ohun tí ó kù ni láti fi ìbéèrè kan kún un: àwọ̀ wo ni ìgbẹ́ ọmọ náà? Bí ojú ọmọ bá ṣì pọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 14, tàbí bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá funfun nígbàkúùgbà, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ó bá yọ ní ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, tàbí tí kò jẹ́ kí ọmọ mu ọmú, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Olùkọ́ tí ó bá fi Yorùbá tí ó yé ìyá ọmọ sọ èyí ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.