Ẹ Bèèrè Kí Ẹ Tó Tọwọ́ Bọ̀wé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, pàápàá ẹ̀yin obìnrin, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Bí ìwé bá dé láti òkè òkun pé kí ẹ wá dara pọ̀ mọ́ ìwádìí, ayọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ bèèrè nǹkan kan. Ẹ ó gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, ẹ ó kó o ránṣẹ́. Nígbà tí àbọ̀ bá jáde, ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́, lorúkọ yín máa ń wà.

Ṣé wọ́n ṣe yín lóore ni? Ọ̀dọ̀ yín ni ohun tí wọ́n ń wá wà! Iná mànàmáná kan ń ṣàn ní nǹkan bí 100 kìlómítà lókè orí wa, kò sì sí lójú ọ̀run Yúróòpù. Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Francisca Nneka Okeke ti Nsukka wádìí tó fi gba ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 2013. Àrùn ẹ̀jẹ̀ tí à ń jogún ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Falusi dojú kọ n'Ìbàdàn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn yẹn kan náà ní 2001. Ní Chicago, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fúnmi Olopade rí i pé jẹjẹrẹ ọmú ń mú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú láti kékeré. Ìbàdàn tó ti kọ́ ìṣègùn ló padà sí láti wádìí ìdí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bèèrè: orúkọ ta ni yóò ṣíwájú? Ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà? Ìlànà ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2007 béèrè fún ìwé àdéhùn kí ẹ̀jẹ̀ tó kúrò nílẹ̀ yìí. Ẹ kà á dáadáa. Ìyá ọlọ́mọ, ní kí wọ́n fi owó olùtọ́mọ sínú ètò ìnáwó ìrìn àjò rẹ. Má tijú. Ọmọ kò gbọdọ̀ dí ọ lọ́nà ìpàdé tí kò dí bàbá rẹ̀ lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ẹ̀yìn yín. Ọmọbìnrin Ògù tó ń bá yín túmọ̀ ìbéèrè fún àwọn ìyá ní Àgbádárìgì mọ ohun tí ẹ kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kó bá yín yẹ èsì wò, ẹ jẹ́ kó bá yín kọ ọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ tàwọn òǹkọ̀wé.