RSYNC: BÍ A ṢE Ń MÚ ÀKỌSÍLẸ̀ INÚ KỌ̀ǸPÚTÀ MÉJÌ BÁRA MU

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì ya wọ ilé àti ọjà n'Ìbàdàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1985, iná jó Cocoa House, ilé alájà 26 tó wà ní Dùgbẹ̀. Ilé ṣeé tún ṣe. Rárà tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu arúgbó tó ti dolóògbé kò ṣeé tún gbà. Nítorí náà, ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá mọ bí a ti ń tọ́jú iṣẹ́ sí ibi méjì. Ọ̀nà kan ni rsync, tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé jáde ní Ọsirélíà ní ọdún 1996.

1. Àṣẹ náà

Ká sọ pé kọ̀ǹpútà kan wà ní Dùgbẹ̀, èkejì tí a pè ní ui sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ohun tí a ó tẹ̀ ní Dùgbẹ̀ nìyí:

rsync -av rara/ ui:rara/

Ibi tí ẹrù ti ń bọ̀ ló ṣáájú, ibi tí ó ń lọ ló kẹ́yìn. Iṣẹ́ -a ni láti kó gbogbo ohun tó wà nínú àpò náà. -v ní tirẹ̀ ń ka orúkọ wọn fún wa. Bí a bá yọ ìlà tó dagun lẹ́yìn rara àkọ́kọ́, àpò rara mìíràn ni yóò bọ́ sínú rara.

2. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́

Ó kọ́kọ́ ń wo ìwọ̀n fáìlì àti àkókò tí a tún un ṣe kẹ́yìn. Bí méjèèjì bá bára mu, yóò fò ó. Bí wọn kò bá bára mu, kọ̀ǹpútà Yunifásítì yóò pín ẹ̀dà tirẹ̀ sí wẹ́wẹ́, yóò ṣírò àmì fún ègé kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi àwọn àmì náà ránṣẹ́ sí Dùgbẹ̀. Ègé tí àmì rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ nìkan ni Dùgbẹ̀ yóò kó lọ. Owó dátà kò ní pọ̀.

3. Ìkìlọ̀

Bí a bá fi --delete kún un, ohunkóhun tí kò sí ní Dùgbẹ̀ yóò pa rẹ́ ní Yunifásítì. Bí àpò òfìfo bá ṣèèṣì ṣáájú, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin lè parẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ́kọ́ fi -n dán an wò: yóò sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe, kò sì ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ rántí pé rsync kò mọ àṣìṣe yàtọ̀ sí àtúnṣe. Ohun tí a bá bàjẹ́ ní Dùgbẹ̀ yóò bàjẹ́ lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀dà kẹta pamọ́ síbi tí rsync kò dé.